Sípánà Tí Bàbá Mi Ń Pè Ní Ìdòwú

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo ní láti gun àpótí kí ọwọ́ mi tó kan orí tábìlì iṣẹ́ bàbá mi, mo ti mọ sípánà dunjú. Ìsẹ́yìn la wà nígbà náà. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń tún ṣe: kẹ̀kẹ́ tíṣà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́mu, kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń gbé aṣọ òfì lọ sọ́jà. Dúdú ni gbogbo wọn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ń kó wọn wá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé kí ni ọmọbìnrin ń wá níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mò ń na irinṣẹ́ sí i, èmi náà ni mo sì ń da ìbéèrè bò ó títí yóò fi ní kí n lọ mu omi ná.

Bàbá mi kò kàwé kankan yàtọ̀ sí Kùránì. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kọ sára sípánà kò yé e, ló bá sọ wọ́n lórúkọ. Àwọn kékeré méjì tó jọra ń jẹ́ Táyé àti Kẹ́hìndé. Èyí tó tẹ̀ lé wọn ni Ìdòwú, ńlá tó kẹ́yìn sì ni Àlàbá. Ìdòwú ló máa ń tú nọ́ọ̀tù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nọ́ọ̀tù yẹn sì máa ń lágídí, ẹ̀yin náà kúkú mọ ìwà Ìdòwú. Tí bàbá mi bá ti ní, "Mú Ìdòwú wá," màá dijú, màá ki ọwọ́ bọ inú àpótí, màá sì fà á yọ. Tí mo bá ṣì í mú, kì í jágbe mọ́ mi. Yóò gbé e lé orí nọ́ọ̀tù, yóò mì í kí n lè rí i. "Èyí tó bá ń jó báyìí, yóò jẹ nọ́ọ̀tù lẹ́nu ni."

Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn láì mọ nọ́ńbà Ìdòwú. Kí ni mo fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe?

Oṣù tó kọjá ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, níbí ní Lucan lẹ́bàá Dublin, nínú ilé ọmọ mi obìnrin. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run forí jìn ín, fi kẹ̀kẹ́ dúdú àtijọ́ kan sílẹ̀, èyí tó ń gùn lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dublin. Láti ìgbà tó ti kú ni kẹ̀kẹ́ náà ti wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò yí mọ́. Ọkọ ọmọ mi ti pe àwọn tó ń kó pàǹtí, wọ́n ń bọ̀ ní Sátidé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn fẹ́ràn kí ilẹ̀ mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkàn mi gbọgbẹ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Citywest, ló bá mi bẹ bàbá rẹ̀: tí kẹ̀kẹ́ náà bá fi máa rìn kó tó di Sátidé, òun á máa gùn ún. Bàbá gbà.

Ọmọ náà kó sípánà bàbá rẹ̀ jáde, tuntun, ó ń dán. Nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò wọlé. Mẹ́rìndínlógún wọlé, ó sì ń jó. Ó ti fẹ́ fi agbára yí i nígbà tí mo figbe ta.

"Dáwọ́ dúró! O fẹ́ jẹ ẹ́ lẹ́nu!"

"Okay, okay! So what size is it, Grandma?"

"Ìdòwú ni."

Ó yíjú sí mi. "Ìdòwú who?"

Ẹ wo wàhálà! Mo mọ ohun tí mò ń wá bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi, síbẹ̀ n kò lè sọ ọ́ fún aráyé. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wa pé àwọn kì í tún irú èyí ṣe mọ́. Ọmọ-ọmọ mi wá a lórí fóònù, oríṣiríṣi ló ń jáde, ṣùgbọ́n ta ni í fọwọ́ mọ sípánà nínú fóònù?

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ kan ilẹ̀kùn bàbá Irish tó ń gbé ní òdìkejì títì. Mẹ́káníìkì bọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò nìkan la sì máa ń bá ara wa sọ. Ó gbé agolo bísíkíìtì ńlá kan wá, sípánà àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Ó ní nọ́ńbà wo? Mo ní kó jẹ́ kí n dijú ná. Ó rẹ́rìn-ín. Èkíní, rárá. Èkejì ti wúwo jù. Ẹ̀kẹrin ni mo gbá mú: ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n!

Ó fi àkísà nù ún, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fún mi: ìdá márùn-ún nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì. Ó ní ìwọ̀n bóòtù, irin tí nọ́ọ̀tù ń wé mọ́, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń kọ, kì í ṣe ìwọ̀n ẹnu sípánà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ti òde òní bá a mu. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ẹni tó wọn nọ́ọ̀tù Ìsẹ́yìn ló wọn ti Lucan!

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èmi ni mo gbé e lé nọ́ọ̀tù, kò jó rárá, ọmọ-ọmọ mi ló fi agbára yí i. Nọ́ọ̀tù ké lẹ́ẹ̀kan, ó tú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ẹtì, a ti pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yí, ọkọ ọmọ mi sì ti pe àwọn oníṣẹ́ pàǹtí pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá.

Mo nu sípánà náà, mo dá a padà. Bàbá Irish náà kò gbà á. Ó ní kí n mú un, ó ti di tèmi. Ẹ̀yin ọmọ mi, àgbàlagbà bíi tèmi dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé, mo ń sunkún. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló pín gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Ìró méjì àti àwo kan ni wọ́n fún mi, mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó rí àìdáa kankan níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Mo rò pé èmi náà kò rí i, àṣé ó ń dùn mí.

Ayé ti yí. Ní àárọ̀ Ajé, lójú bàbá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì, mo fi sípánà náà lé ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́, mo ní òun ni mo fún, òun nìkan. Ó ní, "Ah, grand. Thanks, Grandma," ó jù ú sínú báàgì, ó gun kẹ̀kẹ́ ọkọ mi, ó bá tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu pé òun ni wọ́n fún. Ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù.