Sípíríǹgì Mọ́tò Bàbá Mi

Òórùn gírísì tó ta sí mi nímú láàárọ̀ yìí gbé mi padà sí àgbàlá wa ní Ìfọ̀nyìn. Bàbá mi ń fi àjákù irin tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ to mọ́tò ìje kan. Ó ti so sípíríǹgì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí àgbàlagbà jókòó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kí òun tó fún bóòtù rẹ̀ le.

Ìyá mi ti ọjà Ìgólò dé pẹ̀lú ẹrù.

“Ìyá Ràfíátù, bá mi jókòó sínú mọ́tò.”

“Ó ti rẹ̀ mí.”

“Ìjókòó náà kúkú ni.”

Ó jókòó, oorun sì gbé e lọ.

“Bàbá, ṣé bóòtù ò tíì le ni?”

Ó fi ìka kan ètè.

Mọ́tò náà kò rìn rí. Oorun ọ̀sán kan ṣoṣo tí mo rí ìyá mi sùn nìyẹn. Títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú lọ́jọ́ náà, bàbá mi dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, sípánà lórí àyà, kò mira.