Ọ̀pá Irin Inú Táńkà

Mo bẹ̀rù iná mànàmáná ju ejò lọ, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Ọdún tí mo ṣe agùnbánirọ̀ ní Port Harcourt ló fà á. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé kan ní àdúgbò D-Line, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń wa táńkà epo ni mo sì ń gbé. Òun ló rán mi níléèwé látilẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé oúnjẹ lọ bá a ní ibùdó ìkópo kan lọ́nà Alesa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ bẹntiróòlù kún táńkà rẹ̀ ni. Ó dúró lórí ẹ̀, ó ń fi okùn ọ̀rá sọ nǹkan gbọọrọ kan kalẹ̀ sínú epo. Igi tí wọ́n fi ń wọn epo ti ṣẹ́, ló bá lọ wá ọ̀pá irin tín-ín-rín.

Yéè! Bí bẹntiróòlù bá ń sáré gba inú páìpù, ó máa ń kó iná sára ni, á sì gbé e wọnú táńkà. Tí iná yẹn bá bá irin tín-ín-rín tó rọ̀ sórí okùn ọ̀rá, kò ní tètè ríbi gbà lọ, torí ọ̀rá kì í gbé iná. Kò tún ní pín ara ẹ̀ dọ́gba. Orí àti ìdí irin ló máa rọ́ lọ, níbi ṣóńṣó. Kí ṣóńṣó yẹn ṣáà sún mọ́ etí táńkà, iná á ta, ó parí nìyẹn.

"Bọ̀dá mi, ẹ má fà á sókè o! Ẹ so okùn yẹn mọ́bẹ̀, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

"Tíṣà, ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ààbọ̀ wákàtí, kí iná ẹ̀ lè máa gba inú epo ṣàn lọ sára táńkà díẹ̀díẹ̀." Mo ti ń sunkún.

Àwọn awakọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Ọ̀kan pariwo pé, "Ọ̀gá, comot for road!" Mo ní kó panu ẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé, ó so okùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Oúnjẹ tutù níwájú wa, kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí àkókò pé, ó gun òkè padà. Mo sá sẹ́yìn ògiri, mo di etí. Ó fa irin jáde. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣó o ti rí i báyìí? Kò ṣe nǹkan kan! Lọ́la, mi ò ní dúró rárá."

Mo kígbe pé, "Torí pé ẹ dúró ni!" Àmọ́ ó ti tan ẹ́ńjìnnì, kò gbọ́ mi.