Aṣọ Ṣọ́ọ̀ṣì Létí Ọ̀sà

Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ba fídíò wa àkọ́kọ́ jẹ́. Mi ò ní purọ́, èmi ni mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́.

Ilé mi ní Ladi-Lak, ní Èkó níbí, ò jìnnà sí etí ọ̀sà. Láyé àtijọ́, nígbà tí mo ń kàwé ní yunifásítì ní Akoka, etí omi yẹn ni mo máa ń jókòó sí, tí atẹ́gùn á máa bá mi ṣí ìwé. Àwọn apẹja tó ti etíkun Oǹdó wá ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Obìnrin tí mo ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ìyá rẹ̀ ló ń tà fún mi nígbà yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn sí ọ̀nà tí ọkọ̀ àwọn apẹja ń gbà wọ omi. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ lórí rédíò pé etí omi náà ti ṣófo, pé kò séèyàn níbẹ̀ mọ́. Nígbà tiwa, ohun tí rédíò bá ti sọ, a ti gbà á nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn tó gbé e jáde ò rán ẹnikẹ́ni wá. Ìwé tí àwọn oníyanrìn kọ sí wọn ni wọ́n kà.

"Bàbá, ṣé òkú ni wá ni?" ẹlẹ́ja mi béèrè. "Bí ibí yìí bá dí, ibo lọkọ mi á gbà wọ omi?"

Mo ní ká ya fídíò, ká fi ránṣẹ́ sí wọn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀, kó múra. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Mo ní kí wọ́n gbá etí omi, kí wọ́n kó àwọ̀n àti agbọ̀n ẹja kúrò lójú. Wọ́n wọ léèsì tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wé gèlè. Èmi náà dúró níwájú, mo sọ gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún látọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìntì.

Lọ́jọ́ kejì tí a fi ránṣẹ́, akọ̀ròyìn kan láti ilé-iṣẹ́ rédíò náà pè mí, obìnrin ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ìsìn ìdúpẹ́ ta lẹ fi ránṣẹ́ sí wa? Mi ò rí ọkọ̀, mi ò rí ẹja, mi ò rí yanrìn. Gírámà yín nìkan ni mo gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ní, "Ká ní ẹ wá fúnra yín ni, a ò bá má múra fún yín."

Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, sà. A ò lè dé ibi gbogbo, ṣùgbọ́n ó yẹ ká ti béèrè. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ yà á bó ṣe rí. Ẹ má gé e, ẹ má fi orin sí i. Ẹ jẹ́ kí n rí nǹkan tí màá fi mọ̀ pé ibẹ̀ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀ ló di fóònù mú. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n panu mọ́, kò sì rọrùn. Ó ya ọkọ rẹ̀ àtàwọn mìíràn tí wọ́n ń ti ọkọ̀ kọjá lórí yanrìn, tí ẹsẹ̀ wọn ń rì dé orúnkún. Ó ya ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ó wá yí fóònù sí afárá gígùn tó wà lójú omi, kí ẹni tó mọ Èkó lè mọ ibẹ̀.

Ọ̀gá àwọn oníyanrìn sáré wá. "Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ máa yà wá? Ẹ pa á rẹ́."

Ẹlẹ́ja ò gbé fóònù sọ̀kalẹ̀. "Ẹ ní kò séèyàn níbí. Ta wá lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ọ̀gá náà kọjú sí mi. "Bàbá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

"Èmi náà ò sí níbí," mo dá a lóhùn.

Nígbà tí a fi fídíò yìí ránṣẹ́, akọ̀ròyìn náà pe àwọn apẹja mẹ́ta, ó pe àwọn oníyanrìn, ó sì wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ yanrìn náà. Lẹ́yìn èyí ni rédíò sọ pé èèyàn wà níbẹ̀, pé ohun táwọn kà tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Àwọn oníyanrìn ti dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n ní àwọn á fi ọ̀nà sílẹ̀, ìbú ọkọ̀ kan. Ẹlẹ́ja ní rárá, ọkọ̀ tó ń lọ máa ń pàdé èyí tó ń bọ̀, àfi ìbú méjì. Títí wọ́n á fi gbà, àràárọ̀ ló ń ya ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fi ń ta ẹja lọ́rùn, tí mo ń bá a fi ránṣẹ́ sí akọ̀ròyìn náà. Àwọ̀n wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni gbálẹ̀ mọ́.