Iná Alùpùpù Yìnyín Tí Mo Tún Ṣe ní Stafford

Ojú mi kòró ni. Ẹni tó bá ní àsọdùn ni, kó kọ́kọ́ sọ ibi tóun wà lọ́jọ́ náà. Èmi wà níbẹ̀, súkúrùdíráfà wà lọ́wọ́ mi, mo sì rí gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mi ò kàwé kọjá praimárì kẹta, ṣùgbọ́n kò sí iná mọ́tò tó le fún mi ní gbogbo Stafford yìí, lẹ́bàá Houston. Àwọn tó gba digirí ló ń wá mi wá. Ọ̀kan nínú wọn ni bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnjiníà ní àdúgbò Clear Lake, tó lọ ra alùpùpù orí yìnyín. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí irú ẹ̀ rí, ó ní pátákó gígùn méjì níwájú bíi bàtà, bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ ló sì ń yí lábẹ́ ẹ̀ dípò táyà. Ní Houston tá a ti ń làágùn lóṣù Kejìlá! Orí òkè oníyìnyín ní Colorado ló ń fà á lọ lọ́dọọdún.

Wàhálà ẹ̀ ni pé iná iwájú ẹ̀ ń wo ọ̀run. Lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí bọ̀dá fi gbá ìyàwó ara ẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìyàwó náà bá a wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fa àga, ó jókòó.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, bí iná yìí ò bá tọ́ lónìí, kò síbi tá à ń lọ lọ́la. Títà la máa tà á."

Bọ̀dá wò mí bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. "Àbúrò, o gbọ́ àbí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Iná lásánlàsàn?"

Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri iwájú ẹ̀. Mo ní kí bọ̀dá gun orí ẹ̀, torí ẹni tó bá tún iná ṣe láìsí ẹrù lórí ọkọ̀, iṣẹ́ òfo ló ṣe. Mo fa ilẹ̀kùn ńlá wálẹ̀ kó lè ṣókùnkùn, mo ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀ fún èéfín.

Iná ẹ̀ kì í tàn àfi bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. A tan ẹ́ńjìnì. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò.

"Yìnyín ló fi ń mú ara ẹ̀ tutù," bọ̀dá wí. "Èyí tí bẹ́líìtì bá ń gbọ́n sára páìpù abẹ́ ẹ̀."

"Ẹ́ńjìnì tó ń jẹ yìnyín! Háà!"

"Pa á, àbúrò."

Kí n pa á kẹ̀? Obìnrin ará Mexico kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi tó ń fá yìnyín, tó ń da omi ṣúgà aláwọ̀ lé e lórí fáwọn ọmọdé. Mo sáré lọ rà á ní bókẹ́ẹ̀tì bókẹ́ẹ̀tì, láìsí ṣúgà. Mò ń bù ú sára páìpù, ó ń tutù, mò ń yí súkúrù. Iná méjèèjì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi bà lé ìlà ṣọ́ọ̀kì mi géérégé.

"Mọ́mì, ẹ wá wò ó!" mo ké.

Ìyàwó bọ̀dá sún mọ́ ọn, ó wò ó. "Ó ti tọ́ o. Dádì, a ń lọ nìyẹn."

Pẹ̀lú ayọ̀ yẹn ni mo fi da bókẹ́ẹ̀tì tó kù sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Páìpù gbígbóná pariwo ṣìììì! Ooru bo bọ̀dá lójú. Ó di ọwọ́ irin mú gírígírí bí ẹni tí ọ̀kadà fẹ́ gbé ṣubú. Ọ̀kadà kọ́ lèyí o! Àtàǹpàkò ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ ohun tó ń fún un léré, bọ̀dá sì ti tẹ̀ ẹ́ dé ìdí.

Alùpùpù fò! Bọ̀dá ré bọ́ sẹ́yìn sínú yìnyín tó dà sílẹ̀. Ibi tí mo kọjú iná sí gan-an lalùpùpù náà gbà lọ. Ó gba orí ìlà ṣọ́ọ̀kì mi, ó dá ògiri lu, ó bọ́ sínú ọ́fíìsì mi, ó gbé imú lé tábìlì mi bíi kọ́sítọ́mà. Lẹ́nu gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò rírú ẹ̀ rí.

"Dádì, ṣé ẹ ò ṣèṣe?"

"Mi ò ṣèṣe. Ó tutù ni."

"Ọlọ́run ṣeun. Ta ló wá máa rà á báyìí?"

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé iná ò tọ́.

Ohun tó lọ níbẹ̀ nìyí: ògiri kan, tábìlì kan, tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí ẹ̀, pátákó iwájú kan, iná méjèèjì, àti ìrìn àjò Colorado.