Àgbo Ọlọ́tí Tí Àǹtí Rà fún Ọkọ Mi

Àjàní ọkọ mi. Àjàní adúmáadán, bíríkìlà tí í mọlé fún olówó, a-fojú-lásán-mọ-ògiri-tó-wọ́, baba àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oríkì rẹ̀ nìkan ni màá kọ síbí. Mo rántí orúkọ gbogbo àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn, títí dórí ìyá tó ta àgbo, ṣùgbọ́n wọ́n bímọ, wọ́n lẹ́bí. Mi ò ní kọ orúkọ ẹnì kankan.

Kétu là ń gbé nígbà náà. Èmi ń ta ata ní Mile 12, òun ń mọlé kiri Ìṣẹ́rí Olówóọrá, torí ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún ni. Paraga, ọtí tí wọ́n fi ewé àti egbò rẹ, làwọn bíríkìlà fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀. Tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ife kan, ó di méjì, ó di ìgò. Nígbà tó yá, tí kò bá tíì mu, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè to búlọ́ọ̀kù kó gún. Ó ti já bọ́ lórí pákó lẹ́ẹ̀kan, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Mo mọ̀ pé tó bá tún já bọ́, mo di opó nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí ni mo ń pè wọ́n, ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ tiwa níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Wọn ò fẹnu kan ọtí rí láyé wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì àgbo kan wọlé.

"Ìyàwó wa, wàhálà tán. Oògùn tí ń jẹ́ kéèyàn kórìíra ọtí nìyí. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́."

Ọkọ mi kì í fẹ́ rí oògùn sójú, ṣùgbọ́n kò pa èyí jẹ. Màá ti gbé igbá jáde, á pè mí padà: "Ìyàwó, o ò tíì fún mi lóògùn. Ṣé o ò fẹ́ kí n gbádùn ni?" Kò sì yà nídìí paraga mọ́ lóòótọ́. Mo ń dúpẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì kẹ́ẹ̀gì gbẹ, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ lọ ra òmíràn. Ìyẹn ló fu mí lára. Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí Àǹtí.

"Àǹtí, kí ni wọ́n fi rẹ àgbo yìí?"

"Ìyá tó tà á bi mí pé ṣé olómi ni àbí ọlọ́tí. Ó ní ọlọ́tí ló ń tètè ṣiṣẹ́. Mo ní kó fún mi léyìí tó ń tètè ṣiṣẹ́."

"Àǹtí, ẹ má bínú," ọkọ mi dá sí i látorí àga, "oògùn yẹn ò lẹ́gbẹ́ o."

Àǹtí bọ́ bàtà, wọ́n lé e yí ilé po. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ìtìjú wá mú Àǹtí le koko. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbà, wọ́n ní ẹ̀kán ọtí kan ò tún ní wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òógùn bò ó, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní kí n lé èèrà kúrò lára ògiri. Kò sí èèrà kankan.

Àǹtí ní àlùjọ̀nnú ni, pé àwọn mọ ibì kan l'Ójòta tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ de irú wọn mọ́lẹ̀ títí á fi fi wọ́n sílẹ̀. Mo sáré pe nọ́ọ̀sì tá a jọ ń gbé ilé.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gba ọtí lẹ́nu ẹ̀ lójijì?" ló bi wá. "Ara ẹ̀ ti mọ́ ọn. Èyí lè pa á. Ọsibítù ló kàn."

"Ọsibítù wèrè?" Àǹtí figbe ta. "Kí ni màá sọ fáwọn ará ilé?"

"Ẹ sọ pé ara ẹ̀ ò yá, Mọ́mì. Ara ẹ̀ ò kúkú yá."

Àwọn méjèèjì kọjú sí mi. Mi ò já Àǹtí lẹ́nu rí látìgbà tí mo ti wọlé wọn. Mo kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í lápá kejì, ká gbé e lọ ọsibítù." Wọ́n dì í lápá.

Lọ́sibítù, wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fún un lóògùn tó ń mú ara balẹ̀, wọ́n sì ń dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tójú rẹ̀ wálẹ̀, dókítà, ọmọbìnrin kékeré kan, wá ń bi í léèrè, èmi àti Àǹtí sì ń dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá ni mò ń bi. Bàbá, kí lẹ̀yin fẹ́?"

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí láàárín wa. Ó kọjú sí dókítà.

"Mo fẹ́ fi tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bíi tàwọn kápẹ́ńtà ibi iṣẹ́ wa."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ìtọ́jú rẹ̀. Ó fi àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, ó bá àwọn tí kì í mu paraga ṣe. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, a máa ń lọ jókòó pẹ̀lú àwọn aláìsàn bíi tiẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa dápàárá. Ó tún mu ọtí lẹ́ẹ̀kan nígbà Iléyá. Dókítà ò bú u, ó ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Ọdún mẹ́fà gbáko la fi jẹ ìgbádùn ara wa. Tíì oní-ṣúgà márùn-ún ló ń mu. Lówùúrọ̀ Jímọ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e lọ, kò tíì débi iṣẹ́. Àǹtí ló sọ fáwọn tó wá kí wa pé ọtí kọ́ ló pa àbúrò àwọn. A sin ín lọ́jọ́ yẹn gan-an, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.