Okùn Tí Mo Tú Lórí Òkun

Kí n tó fojú rí òkun ni mo ti tọ́ ọ wò. Ọkọ̀ tó gbé èmi àti àbúrò ìyá mi kọjá ọ̀sà ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ni, a ń fẹsẹ̀ wọ́ yanrìn láàárín àwọn igi àgbọn, nígbà tí atẹ́gùn kan fẹ́ sí mi lójú, tí mo fi ahọ́n lá ètè mi, tí mo sì bá iyọ̀ níbẹ̀. Mo bi àbúrò ìyá mi pé ta ló ń se ọbẹ̀ nítòsí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ agbọ̀n orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Òkun ló ń se é. Máa bọ̀, ará òkè." Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo sì gbà pé ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi kò pọ̀ mọ́.

Ìpara ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí omi tó tóbi jù lójú mi kò ju odò tí àwọn ìyá wa ti ń fọ aṣọ lọ. Bàbá mi ń ṣe oko obì, ó sì ń kó obì lọ sí Ṣàgámù fún àwọn tó ń kó o lọ sí òkè Ọya. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi ewé tútù tẹ́ agbọ̀n, kí n di obì sínú rẹ̀, kí n sì máa ṣí i wò lóòrèkóòrè kí kòkòrò má bàa bà á jẹ́. Iṣẹ́ ìjókòó ni, ara mi kò sì gba ìjókòó. Ìgbà náà ni àwọn ọdún 1990 tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ń tì tí wọ́n ń ṣí, tí gbogbo ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ ń wojú ọ̀nà. Àwọn ẹgbẹ́ mi a lọ sí oríta Ṣàgámù láàárọ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ ra nǹkan, bó bá di ìrọ̀lẹ́ a gbọ́ pé wọ́n ti dé Èkó. Èmi náà fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ lọ síbi tí gbogbo ènìyàn ń lọ. Àbúrò ìyá mi tó wà nílé ọkọ ní ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú létí òkun, tó máa ń kó ẹja yíyan wá tà ní Ṣàgámù, ló sọ pé ọkùnrin kan ládùúgbò òun ń wá ẹni tó lágbára tí yóò máa bá a tu ọkọ̀ ẹja. Bàbá mi ní, "A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ odò tí a kò mọ jíjìn rẹ̀." Mo dá a lóhùn pé inú ọkọ̀ ni mo fẹ́ wọ̀, n kò sọ pé inú odò. Èsì yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀gá ọkọ̀ náà jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó ti lé lógójì ọdún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Àbúrò rẹ̀ ni èkejì nínú ọkọ̀. Èmi àti àbúrò náà jẹ́ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n inú omi ni òun dàgbà sí, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́ rí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ olóbì, ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni."

"Ha! Òkun kò mọ díẹ̀díẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́? Ó ní díẹ̀díẹ̀ lòun mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Ọ̀gá kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, "Apá rẹ̀ ni mo ń wò. Kó má ṣáà ti wẹ̀, kó tu ọkọ̀."

Irọ́ ni mo pa. N kò mọ ìwẹ̀ rárá, n kò sì kọ́ ọ ní gbogbo oṣù tí mo lò níbẹ̀. Ojú tì mí láti jẹ́ kí wọ́n rí mi létí ọ̀sà pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké tó ń kọ́ ọ. Igi ni ọkọ̀ wa, kò fẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré kan sì wà nídìí rẹ̀. Ìdájí ni a máa ń jáde, tí a ó la ibi tí ìgbì ti ń fọ́ létí òkun kọjá, tí a ó máa lọ títí àwọn igi àgbọn yóò fi dà bí ìlà tí a fi pẹ́ńsù fà. Ibẹ̀ ni a ti ń dẹ àwọ̀n. Mo bì ní ọjọ́ kìn-ín-ní, mo bì ní ọjọ́ kejì, ní ọjọ́ kẹta ni àbúrò ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórúkọ àwọn ẹja. "Wọ́n ní kí n kí ọ o, ará Rẹ́mọ. Wọ́n ní ẹ̀bà àná yẹn dáa." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan èébì náà lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò lọ. Mo kàn kọ́ bí a ṣe ń jókòó tì í ni. Bí mo bá wà lórí omi, ilẹ̀ ni mò ń wò. Bí mo bá dé ilẹ̀, n kò lè jókòó, n ó máa rìn láti ìdí igi àgbọn kan sí èkejì, àbúrò ìyá mi a sì máa bi mí bóyá mo sọ nǹkan nù.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ọ̀gá ṣe máa ń pàṣẹ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, atẹ́gùn ń pariwo, nítorí náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Bó bá fẹ́ kí n mú àjẹ̀ kí n fi tu ọkọ̀, a ní, "Tù ú!" Bó bá fẹ́ kí n tú okùn tí a so, a ní, "Tú u!" Ẹni tó bá ń gbọ́ èdè wa mọ̀ pé kò sí ohun tó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ ju ohùn lọ: ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ó gòkè, èkejì bẹ̀rẹ̀ lókè. Ohùn wọn ní etí òkun sì yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa ní Rẹ́mọ. Wọ́n máa ń fi tèmi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní kí n tún gbólóhùn kan sọ kí àwọn ọmọdé lè rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ọkọ̀ náà, n kò ṣi àṣẹ yẹn gbọ́ rí.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, ojú ọ̀run mọ́ nígbà tí a jáde. Ṣáwá wọ inú àwọ̀n wa dáadáa, àbúrò ọ̀gá sì ń kọrin. A kò tíì fa àwọ̀n dé ìdajì tí atẹ́gùn fi yí padà, tí omi dúdú, tí ọ̀gá sì ní kí a yáa máa lọ. Bó ti tan ẹ́ńjìnnì ni abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nídìí rẹ̀ wé àwọ̀n mọ́ra. Ẹ́ńjìnnì hó lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Kì í ṣe ohun tuntun fún wọn. Àbúrò ọ̀gá bọ́ aṣọ, ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó ju orí okùn kejì sí mi pé kí n so ó mọ́ igi ìjókòó iwájú mi. "Ọmọ olóbì, bí o ṣe ń so agbọ̀n obì ni kó o so ó o. Èmi ni obì òní." Mo so ó dáadáa. Ó fi eyín di ọ̀bẹ mú, ó sì wọ inú omi.

Ó gé àwọ̀n náà kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀n ti já, ìgbì gbé e, ó sì lọ́ mọ́ okùn tó so mọ́ ìbàdí rẹ̀. Àwọ̀n náà kún fún ẹja, ó wúwo, àwọn kẹ́ẹ̀gì tó ń gbé e léfòó sì ń sáré lọ pẹ̀lú omi. Okùn le gbagidi. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa tẹ̀ sísàlẹ̀, omi sì rọ́ wọlé dé orúnkún mi. Mo rí orí àbúrò ọ̀gá láàárín ìgbì méjì, ọwọ́ rẹ̀ kan lókè. Ọ̀gá ń fi igbá gbọ́n omi lẹ́yìn, ó yíjú sí mi, ó pariwo ọ̀rọ̀ kan. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì tú okùn.

Ọkọ̀ ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó dúró déédéé. N kò ní purọ́ fún yín, ara tù mí. Ó tó bí ìgbà tí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbójú sókè, tí mo rí i pé kò sí orí lójú omi mọ́.

Ọ̀gá kò nà mí. Mo rò pé yóò gbá mi sínú omi. Ó wo igi ìjókòó tí kò sí okùn lára rẹ̀ mọ́, ó wo ojú mi, ó sì ju àjẹ̀ kan sí mi. Ẹ́ńjìnnì kò tan mọ́, nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í tu ọkọ̀ lọ síbi tí àwọn kẹ́ẹ̀gì náà gbà. Bí a bá gun orí ìgbì, a rí wọn. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀, omi nìkan ni a rí. Ọ̀gá ń ké pe, "Ọmọ ìyá mi o! Ọmọ ìyá mi, dá mi lóhùn!" Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yìí ké títí ohùn rẹ̀ fi wọlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Oòrùn ti yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn kí a tó bá àwọn kẹ́ẹ̀gì náà, àbúrò rẹ̀ sì wà láàárín wọn, ó kó méjì mọ́ àyà, ètè rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó wà láàyè. Nígbà tí a fà á wọ ọkọ̀, ó bi omi sí mi lẹ́sẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan títí a fi dé ilẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ bà mí lẹ́rù ju ìgbì lọ.

Gbogbo abúlé ti dúró sétí òkun. Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan: okùn ènìyàn kì í ṣe okùn àwọ̀n. Ẹni tó bá tú u nígbà tí ènìyàn ṣì wà nínú omi, kò ní wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ ní gbogbo etí òkun náà, wọn a sì sìn ín dé ọ̀sà níṣojú gbogbo ayé. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá ọkọ̀ ló pàṣẹ, ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa dojú rẹ̀ dé sórí yanrìn títí àkókò ẹja yóò fi kọjá. Apẹja tó dàgbà jù láàárín wọn wo orí okùn náà. Kò já, a tú u ni.

"Ta ló tú okùn yìí?"

Mo la ẹnu. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, títí di òní n kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ti dáhùn.

"Èmi ni mo ní kó tú u, bàbá."

"Ìwọ? Ọmọ ìyá rẹ ni wọ́n so mọ́ ọn, o ní kí wọ́n tú u?"

"Omi ń wọlé. Ẹnu mi ló wí i."

Bàbá náà wò ó pẹ́. Ó wá wo èmi náà. Mo tẹ orí ba. Àbúrò ọ̀gá ń gbọ̀n nínú aṣọ ìborùn àwọn obìnrin, ó yí ojú sí mi, ó sì tún yí i kúrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dojú ọkọ̀ náà dé lójú wa.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo tún lò. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, mo ń rí ọ̀gá lábẹ́ igi àgbọn, tó ń bá àwọn ẹlòmíràn tún àwọ̀n wọn ṣe, tí àwọn tó kéré sí i sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sójú omi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo sọ fún àbúrò ìyá mi pé àkókò obì ti tó, bàbá mi yóò máa wá mi. Àbúrò ọ̀gá ló bá mi gbé àpò dé ọ̀sà. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀, ó ní, "Wọ́n ní ohùn tiyín ní Rẹ́mọ yàtọ̀. Bóyá o ṣì í gbọ́ ni." Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì í gbọ́ ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé Ìpara, mo sọ ọ́ fún bàbá mi, mo sọ ọ́ nínú ọjà obì ní Ṣàgámù. Mo sọ ọ́ títí ó fi di ìtàn ẹ̀rín: ará òkè tí kò gbọ́ èdè apẹja. Àwọn ènìyàn a sì rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Èmi kó tèmi, mo dì í léwé, mo sì ń tà á.

Nígbà tí àbúrò ìyá mi kú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí a gbé e wá sin sí Ìpara, ọ̀gá wà lára àwọn tó wá láti etí òkun. Ó ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo gbé àga fún un, mo sì ń pààrà ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú omi tí kò bèèrè. Nígbà tó ku àwa méjì, ó mi orí sí mi.

"Ará òkè, etí rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ń gbọ́ràn báyìí?"

"Ó ń gbọ́, bàbá."

"Ó dáa." Ó mu omi rẹ̀. "Mo ti mọ̀ pé ó ń gbọ́."

Àwọn tó gbé e wá ti ń pè é sínú mọ́tò. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà títí mọ́tò náà fi lọ. Ìyàwó mi bi mí ohun tí mo ń wá, mo ní kò sí. Èmi tí n kò lè jókòó pẹ́ títí di òní, tí mo máa ń dìde láàárín oúnjẹ láti lọ wo ohun tí kò sí lẹ́nu ọ̀nà, mo mọ ohun tí mo ń wá. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́ fún un, n kò sì sọ ọ́, nítorí náà ẹ̀yin ni mo ń sọ ọ́ fún. Kò sí ohun tó ṣe etí mi. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì gòkè. Ó ní kí n tu ọkọ̀ lọ bá ọmọ ìyá òun. Mo gbọ́ ọ ketekete.