Ọwọ́ Tó Ń Po Fùláwà Wa

Títí di òní, bí mo bá rí ìdúpẹ́ nínú ìwé ìròyìn, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ìlà dúdú yí ká, inú máa ń bí mi. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọpẹ́ o. Ilé tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ oúnjẹ àná ni wọ́n ti tọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdúpẹ́ kan tó lé ọkùnrin kan kúrò ní Ìbàdàn, èmi ni mo sì tẹ̀ ẹ́ síwèé.

Ọdún 1983 ni. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan ní Ring Road, kò jìnnà sí Challenge. Láàárọ̀, èmi ni mo máa ń dúró nídìí káńtà. Bó bá di ọ̀sán, màá bọ́ sínú ọ́fíìsì, màá jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, màá máa tẹ lẹ́tà. Ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni ilé iṣẹ́ náà, opó, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tí kì í gbóhùn sókè. Ọkọ̀ mẹ́rin ló ń gbé búrẹ́dì rẹ̀ láti Agbowó títí dé Àpáta. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì náà dùn. Ará Gánà kan ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, tó jẹ́ olórí àwọn tó wà nídìí ààrò. Ọ̀gá Ààrò ni gbogbo wa ń pè é. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíì po fùláwà. Bó bá pò ó tán, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, á ní, "Ẹ jẹ́ ó sùn sí i díẹ̀." A kì í bá a jiyàn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn ni ìjọba kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílé wọn. Jìnnìjìnnì bá àwọn ará Gánà. A wá gbọ́ pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́, tí ọ̀gá rẹ̀ bá kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba pé iṣẹ́ òun kò lè lọ láìsí i, lè rí àyè dúró. Ẹgbẹ́ àwọn ará Gánà tó wà ní Ìbàdàn ń wọ ilé iṣẹ́ kiri, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn èèyàn wọn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ọ̀gá wa ní tiẹ̀ fún wọn ní yàrá ẹ̀yìn láti máa ṣèpàdé, ó ń fún àwọn ọmọ wọn ní búrẹ́dì, ó sì yọ̀ǹda ọkọ̀ kan láti gbé àwọn arúgbó wọn dé ibùdókọ̀. Ó ní kí n tẹ lẹ́tà fún Ọ̀gá Ààrò. Mo tẹ̀ ẹ́, ó buwọ́ lù ú. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Mo fi í sínú àpótí tábìlì mi, mo tì í.

Ọ̀gá Ààrò wá bá mi lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, pé ṣé kí àwọn wá kí i nílé ni. Èmi aláṣejù, mo ní, "Ọ̀gá, níbí, a kì í dúpẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́." Ó ti pẹ́ ní Ìbàdàn débi pé ó gbà pé òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n dáwó. Mo bá wọn tẹ ọ̀rọ̀ náà, mo fi orúkọ ilé iṣẹ́ wa sí i gàdàgbà: ẹ ṣeun tí ẹ dúró ti ẹgbẹ́ wa. Ó jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́rú.

Kó tó di aago mẹ́jọ, àwọn oníbàárà ti kún iwájú káńtà. Ọkùnrin kan tó máa ń ra búrẹ́dì méjì lójoojúmọ́ na ìwé ìròyìn sí mi lójú, ó ní, "Ṣé owó wa lẹ fi ń bọ́ ẹgbẹ́ àwọn àjèjì?" Àwọn obìnrin tó ń bá wa tà ní Agbowó da búrẹ́dì àná padà, wọ́n ní àwọn oníbàárà àwọn kò fọwọ́ kàn án. Ẹnìkan dá èyí tó ti bù jẹ padà. Olùkọ́ yunifásítì kan ní Bódìjà kọ lẹ́tà ojú ewé méjì, ó ní gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, òun ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹgbẹ́ tí búrẹ́dì òun ń tì lẹ́yìn. Mo ka lẹ́tà yẹn, orí mi gbóná. Ọkùnrin náà kò dé Gánà rí, kò sí ará Gánà tó ṣẹ̀ ẹ́ rí. Ó kàn rí ibi tí wọ́n ti ń pariwo ni, ó gbé ohùn tirẹ̀ wá.

Àwọn kan wà níbẹ̀ ṣá tí mi ò lè fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú, torí èmi náà wà lára wọn. Ní 1969, Gánà ló kọ́kọ́ lé wa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Kùmásì. Ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ inú rẹ̀. Orí lọ́rì la wà nígbà tí ibà kọ lu àbúrò mi ọkùnrin, ó sì kú lójú ọ̀nà. Àwọn tí a ò mọ̀ rí ló bá wa sin ín. Nítorí náà, nígbà tí mo gbójú sókè lọ́jọ́ kejì tí mo rí ìyá mi láàárín èrò, pẹ̀lú àwọn obìnrin ìjọ wọn ní Àpáta tí wọ́n jọ ti Gánà bọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ariwo.

Kò wo ojú mi. Ọ̀gá wa ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ pọ̀ ní Gánà nígbà náà ló yẹ kẹ́ ẹ rántí. Nígbà tí wọ́n ń lé wa, ilé búrẹ́dì wo ló fún wa ní yàrá ẹ̀yìn?"

Ọ̀gá wa dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní, "Kò sí. Èmi náà fi ilé sílẹ̀ ní Gánà, ìyá. Torí pé kò sí náà ni mo ṣe fún wọn."

Ìyá mi ní, "Ẹ máa fún wọn nìṣó nígbà náà. Àwa ò ní ra búrẹ́dì yín mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá jáwọ́ lọ́rọ̀ wọn." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, inú sì bí mi sí ara mi pé inú ń bí mi sí ìyá tó sin ọmọ sójú ọ̀nà. Mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ni kí n gbé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ méjì ló padà wálé pẹ̀lú gbogbo búrẹ́dì inú wọn. Ọ̀gá wa pè mí sínú ọ́fíìsì. Ó ní kí n tẹ ìwé kan kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: ilé iṣẹ́ wa kò lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ kankan. Ó wá ní, láìwò mí, "Lẹ́tà yẹn, fi pamọ́ ná."

Mo tẹ ìwé náà. Mo lẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá Ààrò jáde wá pẹ̀lú fùláwà lọ́wọ́, ó kà á tán, ó sì dúró tì mí. Ó béèrè pé, "Ṣé ọpẹ́ wa kò tó ni?"

Mo padà sídìí tábìlì mi. Àlàyé wo ni mo fẹ́ ṣe? Ṣé kí n sọ fún un pé ohun tí mo kọ́ ọ ló kó bá a? Lẹ́tà náà ṣì wà nínú àpótí tábìlì, ó ti ní ìbuwọ́lù. Ọ́fíìsì ìjọba kì í ṣe òkè òkun. Mo lè wọ takisí lọ kí n sì padà kí àkókò oúnjẹ ọ̀sán tó tán. Mo jókòó. Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ń bà mí, ẹ̀rù ìyá mi ń bà mí. Mo ń wo àpótí náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Àìkú ni Ọ̀gá Ààrò lọ. Ó fi ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ́ àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń po fùláwà, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Wọn ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn oníbàárà padà wá, wọn ò tilẹ̀ tijú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìbínú wọn ti lọ, ebi ti dé. Ìyá mi náà ní kí n mú búrẹ́dì ọjọ́ Àbámẹ́ta òun wá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé nínú gbogbo búrẹ́dì Ìbàdàn, tiwa nìkan ló jọ ti Kùmásì. Mo gbé e lọ sí Àpáta. Ó bù ú, ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

Ó ní, "Kí lẹ fi sínú eléyìí? Ó le. Dá a padà fún wọn, kí o sọ fún ọ̀gá rẹ pé oníbàárà kì í ṣe òmùgọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ lé ọwọ́ Kùmásì tó ń pò ó lọ, màmá."

Ó ní ṣé mò ń bú òun ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ irú rẹ̀ sí i rí láti ọjọ́ tó ti bí mi. Ó wò mí títí, mo rò pé ó máa gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó béèrè bí mo ṣe mọ̀ pé ará Kùmásì ni. Mo ní Ọ̀gá Ààrò fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, pé ojú ọjà níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń ta búrẹ́dì.

Ìyá mi ní, "Ìwọ mọ gbogbo èyí. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ tó mọ̀ ńkọ́, kí lo ṣe?"

Lẹ́tà náà wà nínú báàgì mi, lórí itan mi níbẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn tí mo ti mú un nínú àpótí tábìlì, mi ò tíì fi í sílẹ̀. Mo fi búrẹ́dì náà sínú ọ̀rá rẹ̀, mo wọkọ̀ padà sí Ring Road, mo sì sọ fún ọ̀gá wa pé oníbàárà kan dá a padà.